Nọ́ọ̀sì Ilé-Ìwé àti Ẹnubodè Ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Nígbà tí ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán bá ti lo ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, tí ọ̀gá gbé ọwọ́ lé e lórí, tí ó súre fún un, tí ẹgbẹ́ aránṣọ jó, tí wọ́n yọ̀, tí wọ́n sì fún un ní ìwé pé ó ti gba fírídọ̀mù, kò tún sí ẹni tí yóò sọ pé kò mọ abẹ́rẹ́ í dì mú. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó sì fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ níbẹ̀, ẹgbẹ́ aránṣọ Ìjẹ̀bú yóò wá bá a, wọn yóò ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá kí àwọn wò ó, kí ó san owó ẹgbẹ́, kí ó sì gbọ́ òfin tí ó de iṣẹ́ náà ní ìlú wọn, kí ó tó gbé ẹ̀rọ síta. Kì í ṣe pé wọ́n ń tàbùkù ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé wọ́n ní kò mọ iṣẹ́; ohun tí wọ́n ń wí ni pé bí ó bá ba aṣọ ọmọ Ìjẹ̀bú jẹ́, àwọn ni ará ìlú yóò wá ká mọ́lé, kì í ṣe ọ̀gá tí ó wà ní Ìbàdàn.

Mo fi ọ̀rọ̀ aránṣọ ṣíwájú nítorí pé ohun tí mo fẹ́ là yé yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, kò jìnnà sí i. Àwọn ọmọ wa, àwọn àbúrò wa àti àwọn aya wa tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, ní Maryland, ní Chicago àti ní New York kò kéré níye. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti fi ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, tí ẹ̀yìn ń ro wọ́n, tí àwọn ọmọ wọn ń sùn kí wọ́n tó dé, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa fà sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ilé-ìwé, èyí tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó ń parí ní ọ̀sán, tí ó sì ń sinmi nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ọlidé. Wọn a rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn a san owó, wọn a jókòó ti kọ̀ǹpútà lálẹ́ lálẹ́. Ẹ̀yìn tí ìwé bá parí ni wọn a tó gbọ́ pé ìpínlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ti ṣiṣẹ́ kò ka ẹ̀kọ́ náà sí, tàbí pé ìwé àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò dé ibẹ̀. Owó ti lọ, ọjọ́ ti lọ, ọ̀rọ̀ náà a sì máa dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ irú rẹ̀, nítorí pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí a kò lè mọ̀ ṣáájú.

Ta ni nọ́ọ̀sì ilé-ìwé?

Àwọn kan rò pé nọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni ẹni tí ń jókòó sí yàrá kékeré kan, tí ń fi òwú nu orúnkún ọmọ tí ó ṣubú ní pápá. Iṣẹ́ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìpìlẹ̀ rẹ̀ wá. Ní oṣù October ọdún 1902, ní ìlú New York, àwọn dókítà tí ìjọba ń rán wọ ilé-ìwé a máa lé àwọn ọmọ tí wọ́n bá rí iná orí, làpálàpá tàbí àrùn ojú lára wọn padà sílé, kí wọ́n má baà kó o ran àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n lé ọmọ bá nílé kì í mọ ohun tí yóò ṣe sí i, ọmọ náà a sì máa rìn kiri ìgboro fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìkàwé. Lillian Wald, ẹni tí ó dá ilé ìtọ́jú aláìní tí wọ́n ń pè ní Henry Street Settlement sílẹ̀, yá ìlú náà ní nọ́ọ̀sì kan, Lina Rogers, fún oṣù kan péré, láti dán an wò ní ilé-ìwé 4. Lina Rogers kò lé ọmọ. Ó ń tọ́jú wọn níbẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé àwọn mìíràn dé ilé láti kọ́ ìyá wọn bí yóò ti ṣe é. Àwọn ọmọ padà sí kíláàsì débi pé ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ gba àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn kún un.

Láti ìgbà náà ni ẹrù ti ń wúwo sí i. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1975 sọ ọ́ di dandan pé kí ilé-ìwé ìjọba gba ọmọ tí ó ní àbùkù ara wọlé, kí wọ́n sì kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ tí ó yẹ ẹ́. Ní ọdún 1999, nínú ẹjọ́ ọmọkùnrin kan ní Cedar Rapids, ní ìpínlẹ̀ Iowa, tí ẹ̀rọ ni ó ń bá a mí, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà dájọ́ pé ilé-ìwé gbọ́dọ̀ pèsè ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo àkókò tí ó bá fi wà ní kíláàsì. Lónìí, ọmọ tí ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ọmọ tí wárápá ń mú, ọmọ tí ikọ́ fée ń dà láàmú, àti àwọn ọmọ tiwa tí fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà, ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ìyá wọn fi wọ́n sí láti àárọ̀ títí di ìgbà tí bọ́ọ̀sì yóò gbé wọn padà. Kò sí dókítà nítòsí tí nọ́ọ̀sì náà lè ké sí ní yàrá kejì. Ìdí nìyí tí àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ní ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì nìkan kò tó, àfi kí olúwarẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́.

Ìdí tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ní ẹnubodè tirẹ̀

Ẹni tí ó ti Nàìjíríà lọ a máa rò pé bí ìgbìmọ̀ tí ó wà ní Àbújá ti ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé kan ṣoṣo, tí ìwé náà sì ń bá a dé Ṣókótó, tí ó ń bá a dé Calabar, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí lọ́hùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àtúnṣe kẹwàá tí wọ́n ṣe sí òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1791, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbára yòówù tí a kò bá gbé lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́, tí a kò sì fi du àwọn ìpínlẹ̀, ti àwọn ìpínlẹ̀ àti ti ará ìlú ni. Ààbò ìlera ará ìlú wà lára agbára náà. Ní ọdún 1889, Frank Dent, oníṣègùn kan tí ìpínlẹ̀ West Virginia ní kò gbọ́dọ̀ ṣe ìṣègùn mọ́ nítorí pé ìwé tí ó ní kò tó èyí tí òfin wọn ń béèrè, gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, ilé-ẹjọ́ náà sì dá West Virginia láre: ìpínlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ẹni tí yóò fọwọ́ kan aláìsàn rẹ̀ wò.

Ọ̀nà yìí náà ni ti nọ́ọ̀sì gbà. Ìpínlẹ̀ North Carolina ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì, ní ọdún 1903, kí ọdún náà sì tó parí, New Jersey, New York àti Virginia ti ṣe tiwọn. Ìdánwò tí gbogbo wọn ń lò lónìí, tí ń jẹ́ NCLEX, ìkan náà ni láti etí òkun kan dé èkejì, èyí sì ni ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀. Ẹni méjì jókòó ṣe ìdánwò kan náà lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan gba ìwé àṣẹ láti ọwọ́ Texas, èkejì gbà á láti ọwọ́ California. Ìmọ̀ wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ìwé wọn ti múlẹ̀ kò dọ́gba.

Ìwé méjì, ilé méjì

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ nìyí, nítorí pé níbí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣìṣe ti ń ṣẹ̀.

Ìwé kìíní ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní láísẹ́ńsì. Ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ ni ó ń fúnni, òun náà ni ó sì lè gbà á padà. Ìwé yìí ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn lè gún ọmọ lábẹ́rẹ́, kí ó fún un lóògùn, kí ó sì pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì.

Ìwé kejì ni ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Kì í ti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì wá rárá. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, tàbí ìgbìmọ̀ tí ń fún tíṣà ní ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, ni ó ń fúnni. Ó ń sọ pé ẹni yìí mọ òfin ilé-ìwé, ó mọ bí a ti ń bá òbí àti tíṣà ṣiṣẹ́, ó mọ ètò ọmọ tí ó ní àbùkù ara. Bí dírẹ́bà ti nílò láísẹ́ńsì kí ó tó gbé ọkọ̀ jáde, tí kò sì ní lè kó èrò ní gáréèjì àfi bí ó bá tún wọ ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé méjèèjì yìí rí: ìkan kì í ṣiṣẹ́ èkejì, èkejì kò sì lè dúró láìsí ìkìíní. (New York nìkan ni ó ń da ojú ọ̀rọ̀ yìí rú díẹ̀, nítorí pé lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ sí níbẹ̀, tí ẹni tí ó rí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí láísẹ́ńsì rẹ̀ fi lè rò pé òun ti gba ìwé ti ilé-ìwé.)

Ohun tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń béèrè fún ìwé kejì yìí kò jọra. Ní Texas, ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì tó láti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé. Ìpínlẹ̀ kò béèrè ìwé ẹ̀rí mìíràn. Ní Pennsylvania, dandan ni ìwé ẹ̀rí, òfin ibẹ̀ kò sì gbà kí ọmọ tí ó wà lábẹ́ nọ́ọ̀sì kan ju 1,500 lọ. Ní New Jersey, oríṣi ìwé ẹ̀rí méjì ni ó wà: ọ̀kan fún nọ́ọ̀sì tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìlera ní kíláàsì, èkejì fún ẹni tí ìtọ́jú nìkan jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ka èyí kejì kò lè bọ́ síwájú pátákó láti kọ́ni. Ní Illinois, inú ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni ni wọ́n ń kọ àfikún ti nọ́ọ̀sì ilé-ìwé sí. California ni ó ní ìlànà tí ó gùn jù nínú àwọn tí mo mẹ́nu bà, n óò sì padà sórí rẹ̀.

Ìwé kẹta kan tún wà tí ó ń da ènìyàn lójú rú, èyí tí wọ́n ń pè ní NCSN, tí ìgbìmọ̀ kan fún gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń fún nọ́ọ̀sì ilé-ìwé tí ó bá yege ìdánwò wọn, tí wọ́n sì ń tún ṣe ní ọdún 5-5. Ìwé iyì ni. Ó ń fi hàn pé olúwarẹ̀ gbójú nínú iṣẹ́, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ń kà á sí. Ṣùgbọ́n nítorí pé orúkọ gbogbo ilẹ̀ ni ó ń jẹ́, àwọn ènìyàn rò pé ó ń ṣílẹ̀kùn gbogbo ilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyè ni, kì í ṣe àṣẹ.

Àdéhùn àwọn oníbodè

Láyé àtijọ́, oníṣòwò tí ó bá ru ẹrù láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí etí òkun mọ̀ pé bodè kan kì í ṣe bodè kejì. Bí ó ti san owó bodè níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni yóò san lọ́hùn-ún. Ká ní àwọn ìlú ọ̀nà náà ti pa ohùn pọ̀ pé ẹni tí oníbodè ìlú tirẹ̀ bá ti yẹ ẹrù rẹ̀ wò kí ó máa kọjá lọ́dọ̀ gbogbo wa, ìrọ̀rùn ì bá dé. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà pa pọ̀ nínú àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Nurse Licensure Compact. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, wọ́n tún un ṣe, èyí tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January ọdún 2018, àwọn tí wọ́n sì ti wọ inú rẹ̀ ti lé ní 40. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ń gbé nínú ìpínlẹ̀ tí ó wà nínú àdéhùn lè gba ìwé àṣẹ kan tí yóò máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo wọn. Texas wà nínú rẹ̀, Maryland wà nínú rẹ̀, Georgia wà nínú rẹ̀. California, New York àti Illinois kò sí níbẹ̀ títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́ta yìí wà lára ibi tí èrò pọ̀ sí jù ní ilẹ̀ náà, tí àwọn ènìyàn wa sì pọ̀ sí.

Ohun tí àdéhùn yìí lè ṣe tóbi, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ibi tí ilé ènìyàn wà ni ó dúró lé, kì í ṣe ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe ibi tí ó ti kàwé. Láísẹ́ńsì ọkọ̀, ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò àti ìwé owó-orí ìjọba àpapọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ilé ẹni. Ẹni tí ó ń gbé ní New York kò lè ní ìwé àṣẹ ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń sọdá lọ sí New Jersey ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìwé tí New Jersey yóò fún un, ti New Jersey nìkan ni. Ẹni tí ó bá kó kúrò ní ìpínlẹ̀ kan nínú àdéhùn lọ sí òmíràn nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 60 láti béèrè ìwé tuntun ní ilé tuntun. Ẹni tí ó bá sì kó lọ sí ìpínlẹ̀ tí kò sí nínú àdéhùn, ìwé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀ yóò rọ padà di ti ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìwé kìíní nìkan ni àdéhùn yìí kàn. Kò fọwọ́ kan ìwé kejì. Nọ́ọ̀sì tí ìwé àṣẹ Texas rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Pennsylvania láìsí ìdíwọ́ kò tíì di nọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní Pennsylvania nítorí ìyẹn.

Ibi tí ọmọ bá jókòó sí

Wàyí o, kí ni íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀kọ́ tí kò ní ògiri kò ní ààlà, àti pé bí ènìyàn bá wà nílé rẹ̀ ní Houston tí olùkọ́ rẹ̀ sì wà ní ìlú mìíràn, kò sí ìpínlẹ̀ tí ó lè dá sí i. Òtítọ́ ni èyí títí dé àyè kan: kíkàwé kì í ṣe ìtọ́jú aláìsàn, ẹni tí ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí kọ̀ǹpútà kò sì nílò láísẹ́ńsì ìpínlẹ̀ tí olùkọ́ wà kí ó tó lè tẹ́tí, àfi bí ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ bá fi í ṣe ìlànà tirẹ̀, èyí tí àwọn kan ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ilé-ìwé kì í parí sórí kọ̀ǹpútà. Àkókò kan ń bọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò wọ ilé-ìwé gidi, tí yóò dúró ti nọ́ọ̀sì àgbà kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí yóò yẹ ojú àti etí àwọn ọmọ wò, tí yóò ka ìwé àjẹsára wọn, tí yóò sì fún wọn lóògùn. Lọ́jọ́ náà, ìbéèrè di ẹyọ kan: níbo ni ọmọ náà wà? Òfin iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé aláìsàn, kì í tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì, kì í sì í tẹ̀ lé ilé-ẹ̀kọ́. Bí ọmọ bá jókòó ní Illinois, òfin Illinois ni ó bò ó lórí, bí olùkọ́ ì báà wà ní Florida, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wakọ̀ wá láti Indiana. Ẹni tí ó bá di ọ̀rọ̀ yìí mú, tí ó ń bi ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀ pé níbo ni ọmọ tí mo fẹ́ tọ́jú wà lónìí, níbo ni yóò sì wà nígbà tí mo bá parí, kò ní ṣìnà nínú ìyókù.

Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún yín

Ẹ óò rí i tí ilé-ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń polówó pé àwọn wà nínú SARA. Àdéhùn mìíràn nìyẹn láàrin àwọn ìpínlẹ̀, tí ó ń jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ ti fọwọ́ sí lè gba akẹ́kọ̀ọ́ láti ìpínlẹ̀ mìíràn. California ti dúró sẹ́yìn odi rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rú yín lójú. Ẹ̀tọ́ ilé-ẹ̀kọ́ láti tajà fún yín ni SARA ń sọ, kò sọ pé ọjà náà yóò wúlò nílé yín.

Èyí tí ó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n ni òfin ìjọba àpapọ̀ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní July 1, ọdún 2020, tí ó pa á láṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni fún iṣẹ́ tí ó nílò ìwé àṣẹ tàbí ìwé ẹ̀rí máa kéde, fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹ̀kọ́ náà kún ojú ìwọ̀n ibẹ̀, tàbí kò kún un, tàbí àwọn kò tíì mọ̀. Ní July ọdún 2024, wọ́n fún òfin náà mọ́ra sí i: ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ó kún ojú ìwọ̀n ìpínlẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ wà nígbà tí ó forúkọ sílẹ̀, àfi bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fọwọ́ síwèé pé ìpínlẹ̀ mìíràn, tí ẹ̀kọ́ náà bá tirẹ̀ mu, ni òun fẹ́ ti ṣiṣẹ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí: ibi tí ẹ wà lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ń wò. Bí ẹ bá ní lọ́kàn láti kó lọ, tí ẹ kò sì sọ fún wọn, wọ́n ti ṣe ojúṣe wọn, ẹ kò ní rí wọn mú. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìpínlẹ̀ tí ẹ fẹ́ ti ṣiṣẹ́ ni ẹ óò kọ́kọ́ wò kí ẹ tó mú ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ má sì ṣe gba ìdáhùn orí tẹlifóònù lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ. Ẹ kọ̀wé. Ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ pé nínú ìpínlẹ̀ wo ni ìkọ́ṣẹ́ ojúkojú yóò ti wáyé, ta ni yóò wá nọ́ọ̀sì àgbà tí a óò dúró tì, láísẹ́ńsì wo ni wọ́n fẹ́ rí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ tí ẹ ń lọ pé ṣé orúkọ ẹ̀kọ́ yìí wà nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ìlú ni kí a bi.

Ìyá ìbejì kan ní Houston

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá ìbejì kan tí ń gbé ní Houston, nọ́ọ̀sì tí ó ní ìwé àṣẹ ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ láti Texas, tí ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ pé ibi iṣẹ́ fẹ́ gbé òun lọ sí Los Angeles. Ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì ilé-ìwé níbẹ̀. Ó rí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Pennsylvania, ó sì ń múra láti san owó.

Kí ó dúró ná. Bí ó bá ṣe ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní Houston, láísẹ́ńsì Texas rẹ̀ bò ó. Bí wọ́n bá kó lọ kí ó tó ṣe é, ọ̀rọ̀ di ti California, láísẹ́ńsì Texas kò sì ní agbára kankan níbẹ̀. Yóò ní láti tọrọ ìfọwọ́sí lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì California: kò ní tún ìdánwò NCLEX ṣe, ṣùgbọ́n wọn yóò yẹ ìwé àṣẹ rẹ̀ àtijọ́ wò, wọn yóò gba ìtẹ̀ka rẹ̀, èyí sì lè gba oṣù. Láìsí láísẹ́ńsì California, ìgbìmọ̀ tí ń fún tíṣà àti nọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní ìwé ẹ̀rí níbẹ̀ kò ní ṣí fáìlì rẹ̀.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní California, ìpele méjì ni ìwé ẹ̀rí náà ní. Èyí àkọ́kọ́, tí ó ń lo ọdún 5, kò béèrè pé kí ènìyàn ti parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Dìgírì àkọ́kọ́ àti láísẹ́ńsì California ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Òun ni nọ́ọ̀sì fi ń wọ iṣẹ́, tí ó sì ń gba owó oṣù. Láàrin ọdún 5 náà ni yóò wá ka ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí, èyí tí àwọn kan nínú àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì pé ọdún 2 lẹ́nu iṣẹ́, kí ó tó gba èyí kejì. Ìyá ìbejì yìí ì bá ti fi owó rẹ̀ ka ẹ̀kọ́ ní Pennsylvania nígbà tí kò tíì nílò ẹ̀kọ́ kankan, tí ó sì jẹ́ pé láísẹ́ńsì tí ó gbàgbé ni ó dí i lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ dìgírì tí mo mẹ́nu bà yìí kan àwọn àgbà nínú àwọn nọ́ọ̀sì wa gan-an. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì UCH ní Ìbàdàn ti ń kọ́ni láti ọdún 1952, Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dìgírì nọ́ọ̀sì ní ọdún 1965, síbẹ̀ ẹgbàágbèje àwọn tí wọ́n tayọ jù nínú iṣẹ́ náà ni ó jẹ́ pé dìpúlómà ni wọ́n fi jáde, tí wọ́n gbẹ̀bí, tí wọ́n ṣe wọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì dé Amẹ́ríkà, tí wọ́n yege NCLEX, tí láísẹ́ńsì wọn kò ní àbùkù kankan. Ẹnubodè kìíní kò dá wọn dúró. Ẹnubodè kejì ni yóò béèrè dìgírì lọ́wọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, kò sì ní wo ogún ọdún tí wọ́n ti fi gba ọmọ jáde láyé. Fún irú wọn, ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ san owó fún ni èyí tí ń sọ nọ́ọ̀sì aláṣẹ di onídìgírì, èyí tí ó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì lè máa kà nídìí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́.

Ní ti ìyá ìbejì, bí ó bá gbọ́ tiwa, ìwé ìbéèrè láísẹ́ńsì California ni yóò kọ́kọ́ jáde nílé rẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ tó di ẹrù kankan, nígbà tí ìwé àṣẹ Texas rẹ̀ ṣì wà láàyè tí wọ́n lè jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn tí láísẹ́ńsì bá dé ni yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ọdún 5, yóò sì kọ ọjọ́ tí ó máa parí sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, nítorí pé wọn kì í tún ìwé àkọ́kọ́ yẹn ṣe, láti ọjọ́ tí wọ́n bá fi fún un ni ọdún 5 náà sì ń kà.